Ìtọ́jú Ọkọ̀ Akẹ́rù Àgbẹ̀: Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Pọ́ǹpù Omi àti Fáànù Nílé

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, irè oko kò tíì di owó títí yóò fi dé ọjà. Ọkọ̀ ni afárá tí ó wà láàrin oko àti ọjà. Bí afárá yìí bá já, iṣẹ́ odindi ọdún kan lè jẹrà láàrin ọjọ́ mẹ́ta. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a óò ṣe àlàyé lórí ohun méjì tí ó wà níwájú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí títí èéfín yóò fi sọ níwájú wọn lójú ọ̀nà. Èkíní ni pọ́ǹpù tí ń lé omi káàkiri inú ẹ́ńjìnnì. Èkejì ni fáànù tí ń fa atẹ́gùn gba inú rédíétọ̀ kọjá. Àgbẹ̀ tí ó ní sùúrù, tí ó sì ní sípánà díẹ̀, lè pààrọ̀ méjèèjì nínú ọgbà ilé rẹ̀, bí ó bá tẹ̀lé ìlànà.

A mú àpẹẹrẹ wa láti Katako, ní ìlú Jos, ní ìpínlẹ̀ Plateau. Pákó ni ìtumọ̀ katako ní èdè Haúsá, ọjà pákó ni a sì fi mọ ibẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá kì í ṣe àlejò ní Jos. Láti ayé ìwakùsà tíìnì àti ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ti ń ṣòwò níbẹ̀. Awakọ̀ tí ó gbé pákó gòkè láti igbó ìhà gúúsù kì í fẹ́ padà sílé lófìfo. Ànàmọ́ òyìnbó, kábéèjì, kárọ́ọ̀tì àti tòmátì ni yóò gbé sọ̀kalẹ̀. Ìrìn àjò yìí, láti ilẹ̀ gbígbóná gun orí òkè tútù, kí a sì tún fi ẹrù tí ó lè jẹrà padà sínú ilẹ̀ gbígbóná, ni ó ń dán pọ́ǹpù omi àti fáànù wò ju ìrìn mìíràn lọ. Ẹ̀kọ́ tí a bá kọ́ níbẹ̀ yóò wúlò fún ẹni tí ń gbé kòkó láti Oǹdó, tàbí iṣu láti Ṣakí, tàbí ẹ̀gẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́.

1. IṢẸ́ TÍ PỌ́ǸPÙ ÀTI FÁÀNÙ Ń ṢE

Iná ni ń jó nínú ẹ́ńjìnnì. Bí a bá pín ooru tí epo ń mú jáde sí ọ̀nà 3, nǹkan bí ọ̀nà 1 ni ó ń di agbára tí ń yí táyà; nǹkan bí ọ̀nà 1 ń bá èéfín jáde; nǹkan bí ọ̀nà 1 yòókù ni omi gbọ́dọ̀ gbé kúrò. Bí omi náà bá dúró sójú kan, yóò hó. Irin yóò wú, orí ẹ́ńjìnnì yóò tẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yóò sì jó. Owó tí a ó fi tún irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ṣe lè ra pọ́ǹpù púpọ̀.

Pọ́ǹpù ni ó ń lé omi. Bẹ́líìtì ń yí kẹ̀kẹ́ kékeré tí ó wà níwájú rẹ̀. Ọ̀pá kan ni ó so kẹ̀kẹ́ náà mọ́ abẹ̀bẹ̀ tí ó wà nínú omi. Bíárìn ni ó gbé ọ̀pá náà dúró, òrùka ìdíwọ́ kan sì wà tí kò jẹ́ kí omi dé ọ̀dọ̀ bíárìn. Nísàlẹ̀ pọ́ǹpù, àwọn tí ó ṣe é dá ihò kékeré kan sí i. Ihò yìí kì í ṣe àbùkù. Nígbà tí òrùka ìdíwọ́ bá gbó, ibẹ̀ ni omi yóò ti máa kán sílẹ̀, kí ó má baà ba bíárìn jẹ́ kíákíá, kí ẹni tí ó ni ọkọ̀ sì lè rí i. Ẹnu tí pọ́ǹpù fi ń ké pe olówó rẹ̀ ni ihò náà.

Iṣẹ́ fáànù ni láti fa atẹ́gùn gba inú rédíétọ̀ nígbà tí ọkọ̀ kò bá sáré tó láti rí atẹ́gùn fúnra rẹ̀. Oríṣiríṣi ni fáànù:

(a) Èyí tí a fi bóòtù dè mọ́ iwájú pọ́ǹpù, tí ń yí nígbà gbogbo tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́.

(b) Èyí tí mágínẹ́ẹ̀tì oníná ń dì mú. Irú rẹ̀ ni ti Peugeot 504, ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ Peugeot ní Kaduna bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní ọdún 1975, tí ó sì di ẹṣin àgbẹ̀ àti oníṣòwò ní orílẹ̀-èdè wa. Nígbà tí omi bá tutù, fáànù náà kì í bá pọ́ǹpù yí. Bí omi bá gbóná tó, iná yóò wọ inú mágínẹ́ẹ̀tì, fáànù yóò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

(d) Èyí tí òróró inú àgọ́ irin kékeré kan ń so mọ́ pọ́ǹpù, bí ó ti wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Toyota Hilux.

(e) Èyí tí ó dá dúró lẹ́yìn rédíétọ̀, tí bátìrì ń yí. Ẹ ṣọ́ra fún irú èyí gidigidi, nítorí pé ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀ nígbà tí a ti pa ẹ́ńjìnnì.

2. OHUN TÍ ÒKÈ JOS FI KỌ́ WA

Jos ga tó nǹkan bí mítà 1,200 ju ojú òkun lọ. Ní Èkó, létí òkun, omi a máa hó bí ooru rẹ̀ bá dé ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní Jos, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́ sí i, bí ó bá ti dé nǹkan bí 96 ni yóò ti hó. Ohun tí kò jẹ́ kí omi rédíétọ̀ tètè hó ni ìdérí rédíétọ̀, tí sípíríǹgì inú rẹ̀ ń tẹ omi mọ́lẹ̀. Ìdérí tí a kọ 13 sí lórí lè gbé ojú ìhó omi sókè ní nǹkan bí ìwọ̀n 20. Nítorí náà, ọkọ̀ tí rọ́bà ìdérí rẹ̀ ti ya lè sáré wọ Ìbàdàn láìsí wàhálà, kí ó sì hó bí ó bá ń fi jíà kékeré fa pákó gun Hawan Kibo, òkè tí ó wà lójú ọ̀nà Jos.

Ẹ̀tàn kejì wà nínú òtútù Jos. Lákòókò ọyẹ́, òwúrọ̀ ibẹ̀ a máa tutù débi pé awakọ̀ yóò da aṣọ òtútù bora. Pọ́ǹpù tí ó ti rẹ̀, tàbí fáànù tí kò yí dáadáa mọ́, lè farapamọ́ sínú òtútù yìí. Òṣùwọ̀n ooru kò ní sún, awakọ̀ yóò sì gbà pé ara ọkọ̀ yá. Yóò di ẹrù tòmátì, yóò gba Akwanga àti Keffi kọjá, títí yóò fi dé agbègbè Lokoja, nítòsí ibi tí odò Ọya àti odò Benue ti pàdé. Ooru ibẹ̀ ni yóò tú àṣírí. Ní ẹ̀gbẹ́ títì, nínú oòrùn ọ̀sán, tòmátì kò mọ̀ pé a ń wá pọ́ǹpù kiri.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ nìyí: Katako ni kí ẹ ti yẹ pọ́ǹpù wò, kí ẹ tó di ẹrù, nítorí pé àìsàn tí òtútù bò mọ́lẹ̀ kò tíì sàn. Bákan náà, ẹni tí ń gbé ní gúúsù yẹ kí ó yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó forí lé òkè.

3. ÀWỌN ÀMÌ TÍ YÓÒ SỌ FÚN YÍN

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹ máa wo àwọn àmì wọ̀nyí:

(a) Omi ń kán láti inú ihò ìsàlẹ̀ pọ́ǹpù, tàbí ipa ìpẹtà tàbí ipa funfun wà lára rẹ̀ níbi tí omi ti gbẹ.

(b) Omi rédíétọ̀ ń dínkù lójoojúmọ́, bí ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ tilẹ̀ gbẹ.

(d) Ariwo bí ìgbà tí a ń lọ ọkà ń jáde láti iwájú ẹ́ńjìnnì, ó sì ń pọ̀ sí i bí a bá tẹ epo.

(e) Bí a bá pa ẹ́ńjìnnì, tí a fi ọwọ́ méjèèjì mi fáànù síwá sẹ́yìn, ó ń jì. Bíárìn ti jẹ nìyẹn.

Ẹ tún kíyè sí ìgbà tí ọkọ̀ ń gbóná. Bí ó bá ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ṣùgbọ́n tí ó ń tutù bí ó bá ti sáré, ẹ kọ́kọ́ fura sí fáànù. Bí ara rẹ̀ bá balẹ̀ nígbà tí ó dúró, ṣùgbọ́n tí ó ń gbóná lórí òkè tàbí nígbà eré, ẹ fura sí pọ́ǹpù, sí bẹ́líìtì tí ń yọ̀, tàbí sí rédíétọ̀ tí ó dí.

Bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bá ti funfun bí ògì, tàbí tí èéfín funfun ń jáde lẹ́yìn láìdáwọ́ dúró nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, ẹ má ra pọ́ǹpù ní wàràǹwéré. Ó ṣeé ṣe kí gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ti jó. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni èyí, pọ́ǹpù tuntun kò sì lè wò ó sàn.

4. KÍ Ẹ TÓ BẸ̀RẸ̀

Ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tí ń yí pọ́ǹpù ọkọ̀ yín. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, bẹ́líìtì tí ń darí ẹnu ọ̀nà iná inú ẹ́ńjìnnì, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní táímìn bẹ́líìtì, ni ó tún ń yí pọ́ǹpù. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e lọ fún mẹkáníìkì, nítorí pé bí bẹ́líìtì náà bá ṣì eyín kan péré, ẹ́ńjìnnì lè bàjẹ́. Ọkọ̀ tí bẹ́líìtì ìta ń yí pọ́ǹpù rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ yìí wà fún.

Ẹ mú pọ́ǹpù àtijọ́, tàbí nọ́ḿbà ẹ́ńjìnnì, lọ sí ọjà bí ẹ bá fẹ́ ra tuntun. Ẹ fi wọ́n wé ara wọn: ṣé ihò bóòtù bá ara mu? Ṣé gíga ibi tí fáànù ń jókòó dọ́gba? Ṣé abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ kọjú sí apá kan náà? Ẹ fi ọwọ́ yí i. Kò gbọ́dọ̀ há, kò gbọ́dọ̀ jì, kò sì gbọ́dọ̀ dún. Pọ́ǹpù àlòkù lè dán lójú, kí òrùka ìdíwọ́ inú rẹ̀ sì ti gbẹ. Nítorí náà, tuntun ni kí ẹ rà bí agbára bá ká a.

Àwọn ohun èlò tí ẹ nílò nìwọ̀nyí: sípánà 10, 12, 13 àti 14; súkúrù díráfà; píláyà; òòlù onígi tàbí onírọ́bà; igi pẹlẹbẹ fún fífá gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́; àkísà tí ó mọ́; abọ́ ńlá tí ó lè gba omi rédíétọ̀; gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun; bẹ́líìtì tuntun; àti páálí líle kan. Bí họ́òsì bá ti rọ̀ jù tàbí tí ó ti sán, ẹ ra ìyẹn náà pẹ̀lú kílíìpù rẹ̀.

5. BÍ A ṢE Ń TÚ TI ÀTIJỌ́

(1) Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ sì fi òkúta tàbí igi há táyà níwájú àti lẹ́yìn.

(2) Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Òwúrọ̀, kí a tó tan ọkọ̀ rárá, ni ó dára jù. Ẹ má ṣe ṣí ìdérí rédíétọ̀ tí ó gbóná láé. Omi tí ìdérí tẹ̀ mọ́lẹ̀ lè gbóná ju omi híhó orí ààrò lọ. Bí ẹ bá ṣí i, yóò ru sókè sí ojú àti àyà. Ojú tí omi bẹ́ẹ̀ bá bọ́ kò ní ìpààrọ̀ lọ́jà.

(3) Ẹ yọ okùn òdì bátìrì, èyí tí a fi àmì – sí.

(4) Ẹ gbé abọ́ sábẹ́ rédíétọ̀, kí ẹ ṣí ìdérí, kí ẹ sì tú kọ́ọ̀kì ìsàlẹ̀ tàbí họ́òsì ìsàlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ omi aláwọ̀ tí a ń pè ní kúláǹtì ni ó wà nínú rẹ̀, ẹ má ṣe fi sílẹ̀ ní gbangba. Ó ní adùn lẹ́nu, ó sì lè pa ọmọdé, ewúrẹ́ àti ajá.

(5) Ẹ ki páálí líle bọ àárín fáànù àti rédíétọ̀, kí sípánà má baà gún rédíétọ̀. Bí ike bá yí fáànù ká, ẹ tú u.

(6) Nígbà tí bẹ́líìtì ṣì le, ẹ dẹ bóòtù fáànù díẹ̀. Bẹ́líìtì ni yóò di kẹ̀kẹ́ mú kí ó má baà yí. Lẹ́yìn èyí, ẹ dẹ ẹ̀rọ tí ń fi iná sí bátìrì, kí ẹ tì í sínú, kí ẹ yọ bẹ́líìtì, kí ẹ sì wá yọ fáànù àti kẹ̀kẹ́ náà. Ẹ fi ẹfun sàmì sí ojú fáànù tí ó kọjú sí rédíétọ̀. Bí ó bá jẹ́ ti mágínẹ́ẹ̀tì, ẹ yọ okùn iná rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹ sì ṣàkíyèsí bí ó ti jókòó.

(7) Ẹ dẹ kílíìpù, kí ẹ yí họ́òsì sọ́tùn-ún sósì títí yóò fi yọ. Bí ó bá lẹ̀, ó sàn kí ẹ fi ọ̀bẹ la họ́òsì àtijọ́ ju kí ẹ ṣẹ́ ẹnu rédíétọ̀.

(8) Ẹ ya àwòrán pọ́ǹpù sórí páálí mìíràn, kí ẹ sì ki bóòtù kọ̀ọ̀kan bọ ipò rẹ̀ lórí àwòrán náà bí ẹ ti ń tú u. Gígùn bóòtù kì í sábà dọ́gba. Bóòtù gígùn tí a fi sí ipò kúkúrú lè fọ́ irin.

(9) Ẹ fi òòlù onígi gbá pọ́ǹpù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ yíká, yóò sì tú. Ẹ má ṣe fi irin mímú há àárín méjì, nítorí pé ojú irin tí ó bá ti họ yóò máa jo.

6. FÍFI TUNTUN SÍ

(1) Ẹ fi àkísà dí ihò omi ẹ́ńjìnnì kí ìdọ̀tí má baà wọlé. Ẹ fi igi pẹlẹbẹ fá gbogbo gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kúrò, kí ẹ sì nu ojú irin gbẹ. Ibi tí a bá ti kánjú níhìn-ín ni omi yóò ti padà jo. Ẹ má gbàgbé láti yọ àkísà náà.

(2) Ẹ fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i. Bí ẹ bá máa lo gọ́ọ̀mù, ìwọ̀nba fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ni kí ẹ fi pa á. Gọ́ọ̀mù tí ó bá pọ̀ jù yóò ṣàn wọ inú omi, yóò sì dí ihò rédíétọ̀.

(3) Ẹ fi ìka wé gbogbo bóòtù wọlé ná, kí ẹ tó mú sípánà. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fún wọn díẹ̀díẹ̀ ní ìfagbárajọ, òkè ọ̀tún, ìsàlẹ̀ òsì, òkè òsì, ìsàlẹ̀ ọ̀tún. Bóòtù tí sípánà 13 ń tú kò fẹ́ ju agbára ọwọ́ kan lórí sípánà kúkúrú lọ. A kì í fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

(4) Kí ẹ tó dá fáànù padà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Bí ẹ bá rí ibi tí ó sán ní ìdí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, tàbí tí apá kan tẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe fi òòlù tún un ṣe, ẹ má sì ṣe jó o lẹ́lẹ̀. Fáànù ń yí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàrin ìṣẹ́jú kan. Abẹ̀bẹ̀ tí ó bá já nígbà náà lè gún rédíétọ̀, ó sì lè pa ènìyàn.

(5) Ẹ dá fáànù padà gẹ́gẹ́ bí àmì ẹfun ti wí. Fáànù tí a bá fi ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú kò ní fa atẹ́gùn tó. Ẹ fi ọwọ́ yí i ká lẹ́ẹ̀kan. Kò gbọ́dọ̀ kan rédíétọ̀ tàbí ike tàbí họ́òsì. Nínú Peugeot 504, àwọn súkúrù kékeré tí ó wà lórí fáànù ni ó ń ṣètò àlàfo tín-ín-rín tí ó wà láàrin rẹ̀ àti mágínẹ́ẹ̀tì. Ẹ má yí wọn láìnídìí. Bí mágínẹ́ẹ̀tì bá kú lójú ọ̀nà, a lè fún súkúrù náà kí fáànù lè máa bá pọ́ǹpù yí títí a ó fi délé.

(6) Ẹ fi bẹ́líìtì sí i, kí ẹ sì fà á le. Bí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí ó gùn jù lára rẹ̀, ó yẹ kí ó wọlé ní nǹkan bí mìlímítà 10 sí 13. Bí ó bá dẹ̀ jù, yóò máa yọ̀. Bí ó bá le jù, yóò jẹ bíárìn pọ́ǹpù tuntun náà láìpẹ́.

7. BÍBU OMI SÍ I

Omi mímọ́ ni kí ẹ lò. Ní àyíká Jos, ọ̀pọ̀ adágún omi ni ó wà nínú ihò tí àwọn awakùsà gbẹ́ sílẹ̀. Omi wọn súnmọ́ ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ àti èròjà ilẹ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ yóò di èèpá nínú rédíétọ̀. Omi òjò tí a gbè mọ́ sàn jù ú lọ. Èyí tí ó dára jù lọ ni kúláǹtì tí a lú mọ́ omi ní ìdajì-ìdajì. Kì í ṣe nítorí òtútù nìkan ni a fi ń lò ó. Kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, ó ń mú kí omi pẹ́ kí ó tó hó, ó sì ń tọ́jú òrùka ìdíwọ́ pọ́ǹpù.

Ẹ bu omi náà díẹ̀díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Ẹ dá okùn bátìrì padà, ẹ yọ páálí àti gbogbo irinṣẹ́ kúrò nítòsí fáànù, kí ẹ sì tan ẹ́ńjìnnì láìde rédíétọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tí ó wọ agbádá tàbí tí ó so gèlè jìnnà sí bẹ́líìtì. Tẹmosítáàtì, tí í ṣe ilẹ̀kùn tí ń sé omi mọ́ inú ẹ́ńjìnnì nígbà tí ó tutù, sábà máa ń ṣí ní ìwọ̀n ooru 82 sí 88. Bí ó bá ti ṣí, họ́òsì òkè yóò gbóná, omi inú rédíétọ̀ yóò sì lọ sílẹ̀. Ẹ bu omi kún un, kí ẹ sì dé e. Ẹ wo ìdí gásíkẹ́ẹ̀tì àti kílíìpù bóyá omi ń kán. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti tutù, ẹ tún wo omi àti bẹ́líìtì kí ẹ tó di ẹrù.

8. ÀWỌN OHUN TÍ KÒ YẸ KÍ A ṢE

(a) Ẹ má ṣe fi ọṣẹ tàbí igi dí ihò ìsàlẹ̀ pọ́ǹpù. Bí omi kò bá rí ọ̀nà jáde, inú bíárìn ni yóò wọ̀. Bí bíárìn bá wó, fáànù lè wọ inú rédíétọ̀.

(b) Ẹ má ṣe da ata tàbí ẹyin sínú rédíétọ̀ láti dí ibi tí ó ń jo. Yóò dí ihò tóóró tí omi ń gbà kọjá pẹ̀lú.

(d) Ẹ má ṣe da omi tútù sínú ẹ́ńjìnnì tí ó ti gbóná jù. Irin gbígbóná tí omi tútù bá lù lójijì lè sán. Ẹ dúró kí ó tutù.

(e) Ẹ má ṣe yọ tẹmosítáàtì dànù nítorí pé ilẹ̀ wa gbóná. Ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó ń jẹ epo, ó sì tètè ń gbó, pàápàá ní òwúrọ̀ Jos. Bí tẹmosítáàtì bá bàjẹ́, ẹ ra òmíràn.

(ẹ) Bí iná pupa bátìrì bá tàn lójú ọ̀nà, ẹ má ṣe sọ pé bátìrì kò ní dá yín dúró. Ó lè jẹ́ pé bẹ́líìtì ni ó já. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bẹ́líìtì kan náà ni ó ń yí pọ́ǹpù. Iná pupa yóò tàn kí òṣùwọ̀n ooru tó sún. Ẹni tí ó bá dúró lójú ẹsẹ̀ yóò ra bẹ́líìtì; ẹni tí ó bá ń lọ lè ra ẹ́ńjìnnì.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ ẸGBẸ́ ÀGBẸ̀

1. Kí ni iṣẹ́ ihò kékeré tí ó wà nísàlẹ̀ pọ́ǹpù omi?
2. Èéṣe tí ọkọ̀ tí kò hó ní Ìbàdàn fi lè hó lójú ọ̀nà Jos?
3. Ọkọ̀ kan ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ó sì ń tutù nígbà eré. Kí ni ẹ ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò?
4. Ta ni nínú ẹgbẹ́ yín ni ó yẹ ọkọ̀ wò kí ẹrù ìkẹyìn tó kúrò lóko?

Bí ẹnikẹ́ni kò bá lè dáhùn ìbéèrè kẹrin, ẹ yan ẹnì kan kí ìpàdé náà tó tú. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni: kí ó wo omi nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ó fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì, kí ó mi fáànù, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ pọ́ǹpù. Omi tí ń kán lóko ni a lè dá dúró pẹ̀lú sípánà. Èyí tí ó bá di híhó lójú títì yóò gba ọkọ̀ àti ẹrù lọ́wọ́ wa.